Ọ̀nà méjì láti yọ olórí ìjọba: Ìbàdàn ní 1962 àti ní 2006

Lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ń lò ní 1962, Gómìnà lè yọ Pírémíà, ìyẹn olórí ìjọba ẹkùn náà, bí ó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Kò pọn dandan kí Pírémíà náà dẹ́ṣẹ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni Gómìnà ìgbà náà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ṣe yọ Pírémíà, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, pẹ̀lú lẹ́tà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, láìjẹ́ pé wọ́n dìbò nínú ilé. Ṣé lẹ́tà tó? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní kò tó. Ní 1963, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, ní ó tó, àmọ́ àwọn aṣòfin Ìbàdàn yára tún òfin náà kọ, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, tí ìdájọ́ náà fi di òfo.

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, níbi tí gómìnà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀, le ju ìyẹn lọ: ó ń bèèrè ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tó wúwo, ìgbìmọ̀ oníwàádìí ẹlẹ́ni méje, àti ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin. Ní oṣù Kínní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ló ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n tó 22. Kódà, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti pàdé lórí ìwé ẹ̀sùn náà! Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà sórí àga.

Èmi fara mọ́ ìlànà kejì, nítorí gbogbo ìpínlẹ̀ ló dìbò yan gómìnà, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé aṣòfin ló gbé Pírémíà dúró.