Ìbímọ méjì, ilé ìwòsàn kan náà: ẹ wá gbọ́ ìyàtọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé níbo ni mo bímọ sí, Ìbàdàn níbí ni, àmọ́ mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o, torí tibi tire ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbà tí mo bí Tóbi, orí tábìlì kan lábẹ́ fáànù tó ń yí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú omi lára, wọ́n wá ń wá káàdì kiri. Kí wọ́n tó gbé e fún mi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù bí omi àmù. Ọjọ́ kẹta ojú ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, èmi ni mo sì rí i o! Iná búlúù tí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ìdajì gílóòbù ẹ̀ ti kú. Ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ìràwọ̀ kan ni ǹ bá fún wọn nígbà yẹn, torí màmá tó ń gbálẹ̀ nìkan.

Ọdún yìí mo padà síbẹ̀ torí owó ò sí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí gan-an, nọ́ọ̀sì kan gbé báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ nímú, ó tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, fúú, fúú. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní "Ìyá Tóbi, tí ọmọ ò bá mí, ìṣẹ́jú kan péré la ní, a ò lè máa wá báàgì nígbà yẹn." Bí ọmọ ṣe jáde wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n ju aṣọ tútù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé e lé mi láyà, ara kan ara, fìlà ti wà lórí ẹ̀ kí n tó mọ̀, wọ́n sì ti pa fáànù náà. Tẹmómítà ní 36.8. Wọ́n ní 36.5 sí 37.5 làwọn ń fẹ́.

Mo bi nọ́ọ̀sì yẹn pé kí ló yí wọn padà, ó ní ọ́díìtì. Oṣooṣù ni wọ́n ń kó fáìlì àwọn ọmọ tuntun jáde, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n wọn ìgbóná ara wọn, bóyá wọ́n fún wọn ní fítámì K tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ọmọ, bóyá wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tó ń pa kòkòrò àrùn sí ìwọ́, bóyá ọmọ mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Tí ọmọ bá kú, wọ́n á jókòó, dókítà, nọ́ọ̀sì, títí kan ẹni tó ń tọ́jú stọ́ọ̀, wọn ò ní bèèrè pé ta ló pa á, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa wá. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti gbé ìlànà irú ẹ̀ jáde ní 2016. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é ojú tì wọ́n, torí ọ̀pọ̀ fáìlì ni kò ní ìgbóná ara kankan, àṣé tẹmómítà kan ṣoṣo ló wà, mètírọ̀n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé 😂 Wọ́n ra òmíràn, wọ́n fi okùn so ó mọ́ tábìlì, oṣù kejì wọ́n tún kó fáìlì jáde láti wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ibi tó wù mí jù nìyẹn. NDHS, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ní nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í pé oṣù kan, ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́.

Ẹ̀bi tiwọn: àárọ̀ ni wọ́n ní ká máa lọ sílé, aago mẹ́rin la kúrò. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ káńfọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ mi ti kó aṣọ Tóbi tó ń rùn káńfọ̀ wá, ọmọ tí èròjà G6PD tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ ò bá sì tó lára ẹ̀, káńfọ̀ lè sọ jọ́ńdíìsì ẹ̀, ìyẹn ojú pípọ́n bíi ti Tóbi, di nǹkan ńlá. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọ́díìtì wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí mo bá gbé ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo bá rí ọ̀rọ̀ káńfọ̀ lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀, màá fi ìràwọ̀ tó kù kún un.