Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀yà Ọkọ̀ Ìjàpá kan ní Agodi Gate: Irin Rẹ̀ Dára, Rọ́bà Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Ṣọ́ra fún

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní ọjà Arárọ̀mí, ní Agodi Gate, Ìbàdàn, owó tí mo sì ti ná níbẹ̀ ti tó èyí tí mo fi lè lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀. Mẹkáníìkì kọ́ ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo sì máa ń ráyè tún ọkọ̀ náà ṣe lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ páànù tí a gbé lé orí igi mẹ́rin. Ojú ẹni tó ń fi owó oṣù kó irin jọ díẹ̀díẹ̀ ni mo fi wo ṣọ́ọ̀bù yìí. Ohun tí mo sì rí kò ta kókó: bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ irin, ẹ lọ bá bàbá yìí, bí ó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá lọ.

Bàbá mi ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun lọ́dún 1977, ní àsìkò tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975 ní òpópónà Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, ń to Ìjàpá jáde fún àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba. Nígbà tí bàbá wa fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún 19. Ewé ti jẹrà sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ibi tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, eku sì ti bímọ sínú fóòmù ìjókòó. Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn mí jù ni abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, ní ọwọ́ ọ̀tún, ásíìdì rẹ̀ sì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tán pátápátá. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìjókòó kúrò, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣeré lábẹ́ ọkọ̀ na ọwọ́ gba inú ihò náà jáde, ó sì ń juwọ́ sí mi.

Ilẹ̀ yẹn kò gba ìrìn àjò lọ sí ọjà kankan. Pánẹ́ẹ̀lì bítà àdúgbò wa gé ṣíìtì irin, ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ bá ti àtijọ́ mu, ó sì jó o mọ́ ọn láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn ohun tí a kò lè fi òòlù ṣe ló gbé mi dé Agodi Gate.

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré débi pé bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé, ẹni kẹrin ní láti dúró síta pẹ̀lú àwọn ẹ́ńjìnnì tí bàbá gbé ka orí táyà. Inú agolo Bournvita àti agolo mílíìkì ni ó kó ọjà rẹ̀ sí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn sára agolo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí i, mo sì sọ fún un pé kabúrétọ̀, èyí tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ni mo ń wá.

"Èyí tó o fẹ́ pààrọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, bàbá."

"Padà lọ gbé e wá. Ṣé ẹnu ni o fẹ́ kí n fi wọn irin ni?"

Inú bí mi díẹ̀, nítorí pé láti Àpáta ni mo ti wá, ẹ sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Sátidé. Mo padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bàbá nu ìdọ̀tí orí kabúrétọ̀ Solex náà títí tí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára fi hàn, ó wá di irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣí afẹ́fẹ́ mú láàárín ìka méjì, ó sì mì ín sókè sódò. Ó ń jó nínú ihò rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ irin náà jí wọlé, ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í dúró jẹ́ẹ́ tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, bí a tilẹ̀ yí ìdè rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kabúrétọ̀ tuntun wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, ₦85,000 ni ó pè é. Kò gbé e fún mi. Ó ní kí n gbé ti àtijọ́ lọ bá onílééèdì kan tó ń yí irin ní ìsàlẹ̀ ọjà, kí ó fi òrùka idẹ kékeré tẹ́ inú ihò náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. ₦9,000 ni onítọ̀hún gbà. Bàbá wá ta gásíkẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ tí ń dá epo dúró àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fún epo sí i fún mi ní ₦7,500. Ẹni tó lè gba ₦85,000 lọ́wọ́ mi tí kò gbà á, mo rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́ síta.

Ìgbàgbọ́ bàbá ni pé irin tí wọ́n dà láyé àtijọ́ sàn ju èyí tí wọ́n ń dà báyìí lọ. Mo ti dán ìgbàgbọ́ yìí wò, mo sì rí òtítọ́ nínú rẹ̀. Kọ́ńtáàtì, irin kékeré tí ń ṣí tí ń pa dé láti tan iná, ni mo rà méjì fún dísítíríbútọ̀ tí ń pín iná náà fún púlọ́ọ̀gì: ọ̀kan tuntun, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan àtijọ́, lọ́wọ́ bàbá. Mo wọn àlàfo àwọn méjèèjì sí mílímítà 0.4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlàfo tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, nítorí pé ike tí ó fi ń gun irin dísítíríbútọ̀ ti jẹ, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ti bàbá ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé "Igala" ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Igala, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ yẹn náà ń tò, èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù lára ni òun náà ní lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ohun tó bá a mu ló sì bá Ìjàpá mu. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa kọjá lára ohun tó ń wá nítorí orúkọ tó wà lára páálí.

Ìgbàgbọ́ yìí kan náà ló kó bá wa lórí bíréèkì. Rọ́bà mẹ́rin ni ń gbé omi bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ Ìjàpá, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Mo béèrè fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá sì mú wọn jáde látinú páálí tí ó ti pọ́n, wọ́n wà nínú ọ̀rá síbẹ̀, orúkọ Jámánì wà lára wọn. Ó di wọ́n mú bí ẹni gbé wúrà. Mo san ₦24,000. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ ọ̀kan kọ́rọ́bọ́tọ́, bí yóò ti rí nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí, ara rẹ̀ là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ akúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó lò ó rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í dúró de ẹni tí yóò lò ó. Inú páálí náà ló ti ń darúgbó. Bí irú rẹ̀ kò bá bẹ́ lójú ọ̀nà, inú rẹ̀ lè wú, kí ó dí omi mọ́ ẹsẹ̀ kan, kí ọkọ̀ máa fa ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá tẹ bíréèkì.

Mo kó wọn padà. Bàbá kọ́kọ́ gbé ohùn sókè. "Jámánì nìyẹn o, Tíṣà! Níbo lo tún fẹ́ rí irú rẹ̀?" N kò bá a jiyàn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tẹ ọ̀kan wò fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wo ibi tí ó là, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé e sí méjì, lulúù dúdú sì ń já bọ́ sórí tábìlì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀ náà, kò dá owó padà. Ó ní ọjà òun kì í dá owó padà, pé kí n mú ohun mìíràn tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo mú kọ́ńdẹ́ńsà, fáàn bẹ́líìtì tuntun àti ìdérí fálífù méjì. Ohun tí mo mú wúlò, ṣùgbọ́n owó bíréèkì ni mo ń wá lọ́jọ́ yẹn, ojú mi kò sì dùn nígbà tí mo ń lọ sílé.

Ládípọ̀ ní Mushin ni mo ti rí rọ́bà bíréèkì tuntun nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìwákiri wákàtí mẹ́rin. Ọjà Ládípọ̀ tóbi, kò sí ohun tí ẹ kò ní rí níbẹ̀ fún Toyota àti Honda, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ Ìjàpá, àwọn ọmọkùnrin á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Rọ́bà ojú fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn ni mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣòwò ní São Paulo, ní Brazil, bá mi gbé bọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá lọ́hùn-ún, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 1986, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1993 títí di 1996, ìdí nìyẹn tí rọ́bà rẹ̀ tuntun kò fi wọ́n jù níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó ń bọ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù yóò ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá, nítorí pé ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ ló wúlò fún mi jù. Lọ́jọ́ tí mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì fálífù, ó béèrè bí mo ṣe fẹ́ wọn àlàfo fálífù, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà kékeré tí ń ṣí tí ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ní mo rí i kà pé mílímítà 0.15 ni, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ó ní kíkà yàtọ̀ sí ọwọ́. Ó mú mi lọ sídìí ẹ́ńjìnnì kan níta, ó yí i títí tí písítìnì inú sìlíńdà kìíní fi dé òkè tí fálífù rẹ̀ méjèèjì sì tú, ó wá ti irin pẹlẹbẹ ìwọ̀n náà bọ àlàfo. Ó ní kí n fà á. Ó yẹ kí ó máa bọ̀ bí ìgbà tí a bá ń fa ìwé jáde lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé: kò gbọdọ̀ ha, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ bọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ṣe é kí ó tó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ní ìlàjì òbírí, a bọ́ sórí ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin bẹ́ẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ìkẹta ni kí n máa ṣọ́ jù, nítorí pé nínú irú ẹ́ńjìnnì tèmi, ohun tí ń tu ọ́ílì lára dúró sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ooru sì máa ń mú un ju àwọn yòókù lọ. Mẹkáníìkì tí mo ti ń gbé ọkọ̀ lọ bá láti ọjọ́ pípẹ́ kò sọ èyí fún mi rí.

Ọmọ tí ń bá a ta ọjà kò mọ̀ tó o. Ó ta sìlíńdà bíréèkì ti ẹsẹ̀ iwájú fún mi dípò ti ẹ̀yìn, ìtóbi wọn kò sì dọ́gba. Ẹ rí i pé bàbá fúnra rẹ̀ wà níjòókòó kí ẹ tó sanwó. Kò sí rìsíìtì. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń di aago méjì ọ̀sán kí ó tó ṣí. Owó tí ó kọ́kọ́ pè kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí tí yóò gbà, nítorí náà ẹ má fi ìdúnàádúrà pa àkókò yín. Ẹ gbé ohun àtijọ́ dání, kí ẹ sì da nọ́ńbà ṣáńsí tó wà lórí irin àárín lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kọ, torí ó máa ń fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀.

Ìjàpá bàbá mi ti ń rìn báyìí. Mo wà á dé ilé ìjọsìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ́ílì lítà méjì àbọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì jò sílẹ̀ ju ẹ̀kán méjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù, irin tí ń há ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Bàbá ní òun ti rí ọkọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ tú ní Ìwó, pé kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Okùn ni mo ṣì fi so ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó.