keyd lójú mi: Caps Lock ti ríṣẹ́ gidi ṣe

Bí ẹ bá ń lo Linux, tí ẹ sì fẹ́ kí bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù yín máa ṣe iṣẹ́ òmíràn, ẹ lọ gbé keyd sórí ẹ̀rọ yín. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. N ó sọ ohun tó já ọ̀kan yòókù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń wá kò pọ̀. Mo fẹ́ kí Caps Lock di Escape bí mo bá kàn fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́, kó sì di Control bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn. Ta ló tiẹ̀ ń lo Caps Lock? Ibi tó dùn jù ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, kò sì mọ iṣẹ́ méjì ju kó ba ọ̀rọ̀ aṣínà jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

xmodmap, irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà nínú X (ètò tó ń gbé wíńdò sójú ẹ̀rọ lórí Linux), ni mo ń bá yí tẹ́lẹ̀. Ó ti wà kí XKB tó dé, XKB ló sì ń ṣètò bọ́tìnnì nínú X báyìí. Ẹ yọ kíbọ́ọ̀dù USB, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, X á to gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, ohun tí ẹ fi xmodmap kọ á sì pòórá. Àṣẹ XKB kan, `setxkbmap -option caps:escape`, mọ́ jù ú lọ, àmọ́ kò lè fi iṣẹ́ méjì sórí bọ́tìnnì kan bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wá bọ́ sórí Wayland, ètò tuntun tó ń rọ́pò X, àwọn méjèèjì ò rí ọwọ́ nà mọ́.

keyd kò bá wọn jà níbẹ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ ló ti ń mú bọ́tìnnì, lẹ́nu kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) gan-an, kí X tàbí Wayland tó gbúròó rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú `/etc/keyd/default.conf` nìyí:

[ids]
*
[main]
capslock = overload(control, esc)

Mo tẹ `sudo keyd reload`, ó parí. Àní lójú dúdú tí kò ní wíńdò kankan, ó ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni wíwá ìdí àrùn. Bọ́tìnnì tó ń pa máíkì lórí láptọ́ọ̀pù mi kò dáhùn rárá nígbà tí mo ṣì wà lórí X. Mo ṣí xev, irinṣẹ́ tó ń fi bọ́tìnnì tí X gbọ́ hàn, mo tẹ Caps Lock, ó kọ keycode (nọ́ńbà bọ́tìnnì) 66 síwájú mi. Mo tẹ bọ́tìnnì máíkì, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni. Kernel ń pe Caps Lock ní 58, X a sì máa fi 8 kún iye tí kernel bá mú wá, ìyẹn ló fi di 66. Bọ́tìnnì máíkì jẹ́ 248 lọ́dọ̀ kernel. Ẹ fi 8 kún un, ó di 256, bẹ́ẹ̀ X kì í kà kọjá 255. Kò sí bí xev ṣe fẹ́ rí i! `keyd monitor` rí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó máa pe bọ́tìnnì náà ní f20, nítorí X ti mọ F20 sí bọ́tìnnì máíkì, ló bá gbọ́ràn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Wayland, wev ni kẹ́ ẹ lò dípò xev.)

Ẹ̀rù ha ń bà yín pé ẹ lè kọ ohun tó máa ti kíbọ́ọ̀dù pa mọ́ yín lójú? Ẹ tẹ Backspace, Escape àti Enter pa pọ̀, keyd á kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ronú kan ìyẹn ti jìyà rí.

Ó yá, máàkì tó já. Kíbọ́ọ̀dù tí kò sí lójú ayé ni keyd dá sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sókè, libinput, ètò tó ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù àti touchpad, kò sì mọ̀ pé inú láptọ́ọ̀pù ló wà. Ni touchpad kò bá sinmi mọ́ nígbà tí mo bá ń tẹ̀wé: àtẹ́lẹwọ́ mi á kàn án, kọ́sọ̀ á fò lọ sí ìlà mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì kó wọnú ara wọn. Oògùn rẹ̀ wà nínú README (ìwé àlàyé keyd), ìlà díẹ̀ nínú `/etc/libinput/local-overrides.quirks` tó ní `AttrKeyboardIntegration=internal`. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ronú pé kíbọ́ọ̀dù ló ń da touchpad láàmú?

Ẹ̀yin tó ń lo AZERTY, kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé tí Q wà níbi tí A wà lórí tiwa, ẹ ṣọ́ra o: ipò bọ́tìnnì ni keyd ń wò, kì í ṣe lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ a sínú fáìlì, bọ́tìnnì Q yín ló máa mú.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ju kí Caps Lock di Escape lásán kò nílò gbogbo èyí. Ó wà nínú ètò kíbọ́ọ̀dù KDE, ó sì wà nínú GNOME Tweaks (KDE àti GNOME ni ojú-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí Linux).