Odò Eye ní Gloucestershire: ẹ rìn ín láàárọ̀

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ti lè gbatẹ́gùn ní Cotswolds, agbègbè olókè kéékèèké ní ilẹ̀ England, láìná kọ́bọ̀, mo fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀nà ẹsẹ̀ tó bá odò Eye lọ láti abúlé Upper Slaughter sí abúlé Lower Slaughter. Kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ. Màámi tí orúnkún ń dùn rìn ín tán, wọn ò sì ráhùn.

Ní Upper Slaughter, omi gba orí títì kọjá, kò jìn rárá. Ó mọ́ gaara: mò ń rí òkúta wẹẹrẹ nísàlẹ̀, koríko inú odò sì ń fì síbi tí omi ń lọ. Ní Lower Slaughter, wọ́n fi òkúta tẹ́ etí rẹ̀, ó wá tò gbọọrọ bí gọ́tà tuntun lábẹ́ àwọn afárá pẹlẹbẹ. Ẹ dúró níbi ilé ọlọ àtijọ́, ẹ wo kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí àti òpó èéfín rẹ̀ oníbíríkì pupa láàárín àwọn ilé aláwọ̀ oyin. Ibẹ̀ ló wù mí jù! Odò Eye á wọ odò Dikler, Dikler á wọ odò Windrush, tó fi dé odò Thames.

Ẹrẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ wọ bàtà tó le. Ẹ tètè lọ, èrò máa ń kún ibẹ̀ lọ́sàn-án.