Milwaukee-Eight 107: Èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Bí cruiser, ìyẹn alùpùpù ńlá tí a fi ń rìn jẹ́jẹ́, bá wà lójú títì, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín 2,000 sí 3,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni ẹni tó gùn ún ti nílò agbára, nígbà tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí tó gbé èrò sẹ́yìn tó ń gun òkè. Òṣùwọ̀n tí a fi wo ohun tí wọ́n ń tà láti fi kún agbára Milwaukee-Eight 107, ẹ́ńjìnnì alùpùpù Harley-Davidson, nìyẹn, láti Stage 1 dé Stage 4, ìyẹn ìpele mẹ́rin tí wọ́n pín in sí. Ohun tó bá jẹ́ pé ó di 4,500 kó tó jí, kì í ṣe ti alùpùpù yìí, bó ti wù kí ìpolówó rẹ̀ dùn tó.

Ẹ má jẹ́ kí horsepower tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. Torque ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà. Tí ẹ bá fi iye ìyípo sọ ọ́ di púpọ̀, tí ẹ fi 5,252 pín in, horsepower ló kù. Nítorí náà, torque 100 lb-ft ní 2,500 kò ju horsepower 48 lọ, ṣùgbọ́n 100 yẹn kan náà ní 5,000 á di 95. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán dyno, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, hàn yín, kí ẹ sì wo ìlà torque láti 2,000 lọ.

Ohun mẹ́ta ni Stage 1: fíítà afẹ́fẹ́, sàlẹ́ńsà, àti tuner tó ń yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà. Ẹni tó ra méjì àkọ́kọ́ tó fi tuner sílẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Nítorí òfin èéfín, ilé iṣẹ́ ti ṣètò rẹ̀ pé kí afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí 14.7 sí epo 1 nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 13 ni agbára wà. Tí afẹ́fẹ́ bá tún wá pọ̀ sí i tí epo kò pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á máa kọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ iná (throttle), páìpù á sì máa dún pà-pà-pà nígbà tí ẹ bá dá ọwọ́ padà. Tí ariwo yẹn kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe tuner, ẹ wo gáàsìkẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

Fún fíítà, ẹ jókòó sórí alùpùpù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá kò ní máa kan orúnkún ọ̀tún yín. Sàlẹ́ńsà tí a kàn ń ti bọ páìpù kì í fi agbára púpọ̀ kún un, ohùn ló ń yí padà. Páìpù méjì tó pàdé di ọ̀kan ló dára jù fún torque ìsàlẹ̀. Páìpù gbọọrọ tí kò ní ìdènà nínú, ẹ yé rà á: ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń padà sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ìyípo kò pọ̀, torque á sì jìn sí kòtò níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù.

Ní ti tuner, FP3 ti Vance & Hines ń bá fóònù ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ Bluetooth; Power Vision ti Dynojet ní ojú ìwòran (screen) tirẹ̀, a sì ń kì í bọ ojú ibi tí mẹkáníìkì fi ń yẹ alùpùpù wò. Alùpùpù àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi èyíkéyìí nínú wọn sí ló máa dè mọ́, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Àwọn méjèèjì lè fi sẹ́ńsọ̀ èéfín tó bá alùpùpù wá tún ètò wọn ṣe, àmọ́ àyíká 14.7 nìkan ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń rí dáadáa. Tí ẹ bá yí ọwọ́ iná dé òpin, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ dyno ṣì fi níṣẹ́. Ẹ tọ́jú ètò àtilẹ̀wá kí ẹ tó fi tuntun sí i, kí bátìrì sì kún. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́. Ẹ tún bi ara yín bóyá òfin ibi tí ẹ wà gbà á: ní 2016, Harley-Davidson fúnra rẹ̀ gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí tuner tó ń mú kí èéfín kọjá òfin.

Stage 2, ìyẹn camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fááfù ẹ́ńjìnnì tó sì ń pa á dé, ni ibi tí owó yín ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni Milwaukee-Eight ní, Twin Cam tó ṣíwájú rẹ̀ ní méjì, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò le tó tàtijọ́. Nínú ìwé tó bá camshaft wá, ẹ wá nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí fááfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé máa ń padé. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni torque ṣe ń tètè dé. Èyí tó ń pẹ́ kó tó padé máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá padà nísàlẹ̀, òkè nìkan ló ti ń dára. Ẹ ra èyí tí wọ́n pè ní torque cam.

Ẹ má ra camshaft nìkan. Ẹ fi béárìn inú rẹ̀, lifter mẹ́rin (èyí tí camshaft ń tì sókè), gáàsìkẹ́ẹ̀tì àti O-ring (òrùka rọ́bà) kún un. Pushrod àtilẹ̀wá, ìyẹn ọ̀pá tó wà láàárín lifter àti òkè ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí fááfù, kò ṣeé fà gùn, àfi kí ẹ tú òkè ẹ́ńjìnnì tàbí kí ẹ gé wọn kí ẹ fi èyí tó ṣeé fà gùn rọ́pò. Bolt cutter, ìyẹn àlùmọ́gàjí ńlá tó ń gé irin, ni kí ẹ fi gé wọn, kì í ṣe ayùn, torí ẹ̀túútú irin á wọ inú ẹ́ńjìnnì. Písítìn gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, kí fááfù rẹ̀ sì padé, kí ẹ tó fa pushrod dé iye tí olùṣe sọ. Ẹ wá dúró, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, títí ẹ ó fi lè fi ìka yí gbogbo pushrod sílíńdà náà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù tó yí ẹ́ńjìnnì kó tó tó àkókò, fááfù rẹ̀ lè tẹ̀.

Bí ibẹ̀ ṣe wà ní ṣíṣí, ẹ wo pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí tó kọ́kọ́ jáde, ọ́ìlì máa ń kó jọ sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sáré pẹ́. Agbára á lọ sílẹ̀, ọ́ìlì á sì tú sínú fíítà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà mìíràn.

Stage 3 ń sọ ìwọ̀n àyè inú sílíńdà, 1,746 cc, di 1,868 nípa fífi sílíńdà 103.5 mm rọ́pò 100 mm. Sílíńdà tí wọ́n tú lára 114, ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ kan náà tó tóbi ju 107 lọ, kò lè ṣe é, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó: 102 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, gígùn ìrìn písítìn rẹ̀ ló fi dé 114. Lórí 107, nǹkan bí 1,816 cc ni yóò fún yín, písítìn rẹ̀ kò sì ní gòkè dé ibi tó yẹ. Ẹ mú owó sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì tó le jù kún un. Tí ìyípo bá ń gòkè lórí jíà gíga tí alùpùpù kò sáré sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.

Stage 4, tó ń tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe tó sì ń fi throttle body (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) 64 mm rọ́pò 55, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi alùpùpù díje.

Tí Stage 1 àti 2 bá wà lọ́kàn yín, ẹ ṣe wọ́n pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sanwó dyno. Lẹ́yìn 150 km àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ pa ìdí ọ̀pá tó bo pushrod bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀, kí ẹ sì ṣí àpótí fíítà. Bí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì bóyá ó pọ̀ jù. Tó bá wà ní ìwọ̀n, ẹ padà sídìí pọ́ọ̀ǹpù.