Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta "ojúlówó" èèpo kọ́míìkì ẹ̀rù àtijọ́

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra kọ́míìkì ẹ̀rù ayé àtijọ́ nítorí àwòrán tó wà lójú ìwé wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín dúró ná. Ọkùnrin kan wà tó ń rìn káàkiri àwọn ẹgbẹ́ wa lórí Facebook àti WhatsApp. Ó ní òun ní ojúlówó àwòrán ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe èèpo Tales from the Crypt àti The Vault of Horror, ó sì tún ń ta àwọn ìwé náà fúnra wọn nínú ọ̀rá. Àwọn èèyàn tí mo mọ̀ ti sanwó fún un. Mo fọwọ́ ara mi yẹ ohun tó fi ránṣẹ́ sí wọn wò. Ayédèrú pọ́ńbélé ni.

Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì mọ èèyàn kí. Á pè yín ní ẹ̀gbọ́n, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kó tó dárúkọ owó rárá. Kì í ta ọjà rẹ̀ lọ́pọ̀ tí èèyàn á fi fura. Díẹ̀ ló máa ń yọ nínú iye tí wọ́n ń tà á níbòmíì, á wá ní ẹlòmíì ti fẹ́ gbé e lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àwòrán ọwọ́, torí ibẹ̀ ni owó gọbọi wà. Ohun tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ni páálí tí wọ́n kun ní àwọ̀ mèremère: ẹ̀jẹ̀ pupa, ojú òkú aláwọ̀ ewé, ojú ọ̀run elésèé àlùkò. Ó ní páálí yìí gan-an ló dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní 1952. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ EC, tó tẹ àwọn kọ́míìkì wọ̀nyí jáde, yíǹkì dúdú ni Johnny Craig, Jack Davis, Graham Ingels àti Al Feldstein fi ń ya àwòrán sórí páálí funfun, wọ́n sì máa ń yà á tóbi ju bí ìwé ṣe máa rí lọ. Kò sí àwọ̀ kankan lórí páálí náà. Orí ẹ̀dà mìíràn ni Marie Severin ti máa ń kun àwọ̀, kí àwọn tó ń ṣètò títẹ̀ lè mọ èyí tí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá ní páálí aláwọ̀ mèremère lòun ní láti ọ̀dọ̀ EC ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Páálí gidi kì í mọ́ tónítóní. Ẹ máa rí ọ̀dà funfun níbi tí ayàwòrán ti tún nǹkan ṣe, ẹ máa rí ìlà pẹ́ńsùlù tí wọn ò pa rẹ́ tán lábẹ́ yíǹkì, àkọlé ìwé á jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì ti di àwọ̀ ilẹ̀. Lójú tèmi o, àwọn àbùkù wọ̀nyẹn ló dùn ún wò jù. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ọwọ́ Ingels bó ṣe ń wá bí ẹnu òkú ṣe máa wọ́.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán aláwọ̀ ni jìbìtì ṣá. Nígbà tí Craig dàgbà, òun fúnra rẹ̀ bá àwọn èèyàn kan tún èèpo rẹ̀ àtijọ́ yà ní aláwọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó sì ní iye tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti 1952. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo tí Frank Frazetta ṣe fún Creepy àti Eerie, ìwé ẹ̀rù méjì mìíràn, ní àwọn ọdún 1960: ọ̀dà olóròóró ló fi kùn wọ́n. Ilé iṣẹ́ Warren nìyẹn, kì í ṣe EC.

Irọ́ rẹ̀ tó burú jù ni ìtàn tó ń sọ pé bàbá àgbà òun he páálí náà níbi tí wọ́n da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ́míìkì ìgbà yẹn da àwòrán nù lóòótọ́. William Gaines tó ni EC kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Russ Cochran fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tà wọ́n ní gbàǹjo. Nítorí náà páálí EC sábà máa ń ní ìtàn tí èèyàn lè tọ̀: ta ló rà á ní gbàǹjo, ọwọ́ ta ló bọ́ sí lẹ́yìn náà. Ẹ bi í.

Ó kan àwọn ìwé. Crime SuspenStories nọ́ńbà 22, ìwé EC mìíràn, ló ń tà jù, ẹ sì mọ ìdí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1954, níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ tó ń wádìí bóyá kọ́míìkì ń ba àwọn ọmọdé jẹ́, ní New York, Sẹ́nétọ̀ Estes Kefauver gbé e sókè: ọkùnrin mú àáké lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di irun orí obìnrin tí wọ́n ti bẹ́. Gaines dáhùn pé fún èèpo ìwé ẹ̀rù, kò sí àṣejù níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ gbé òfin Comics Code kalẹ̀, òfin tó ní "horror" àti "terror" kò gbọdọ̀ hàn nínú orúkọ ìwé mọ́. Ni EC bá pa àwọn ìwé ẹ̀rù rẹ̀ tì.

Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni pé á wá inú ìwé àtijọ́ tó ti já, tàbí ti àtúntẹ̀ ọdún 1990 síwájú, á fi kọ̀ǹpútà tẹ èèpo tuntun, á sì fi sítépù so wọ́n pọ̀. Ẹ lo awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lórí èèpo gidi, àwọn tóótòtó yíǹkì tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti ẹ̀rọ inú ilé kàn fọ́n káàkiri bí iyanrìn ni. Ẹ wo sítépù: bó bá dípẹtà, ìpẹtà náà gbọ́dọ̀ ti rin bébà tó yí i ká. Ti èyí tí mo yẹ̀ wò dípẹtà, bébà rẹ̀ funfun báláú. Ẹ wo inú náà, bébà olówó pọ́ọ́kú ìgbà yẹn máa ń pọ́n létí ju àárín lọ. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní atẹ̀wé, torí àtúntẹ̀ máa ń dárúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Bó bá ní inú ike CGC ni ìwé náà wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́míìkì wò, tó sì ń dì í sínú ike, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn. Lébẹ́ẹ̀lì elésèé àlùkò túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún ìwé náà ṣe. Ike nìkan ò tó o: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, CGC fúnra wọn kéde pé ẹnì kan ti ń pààrọ̀ ìwé inú ike.

Owó rẹ̀, PayPal "Friends and Family" ló máa ń ní kí ẹ fi san án, kí ẹ má bàa san owó ìdíyelé. Ọ̀nà yẹn kò ní ààbò fún ẹni tó ra ọjà. Ẹ tún ní kó ya fọ́tò èèpo náà ní ṣíṣí, kó kọ déètì òní sórí bébà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ní kó ṣe é, kámẹ́rà rẹ̀ bàjẹ́ lójijì. Ẹni tó bá ti fi káàdì san owó fún un, kó pe báǹkì rẹ̀ lónìí, kó má ju páálí tí ọjà náà bá wá nù, torí àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ó ti pa ojú ìwé Facebook tó ń lò tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó ti ṣí òmíràn ní orúkọ obìnrin, àwọn fọ́tò kan náà ló sì ń gbé síbẹ̀.