Fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ń tà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sáìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí búkà l'Ábújá níbí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí fọ́ọ̀mù yìí. Ojú ewé mẹ́rin ni, pépà ẹ̀ nípọn, wọ́n ya òṣùwọ̀n ilé ẹjọ́ sókè ẹ̀ kó lè dẹ́rù bani, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo ra tèmi ní Kubwa. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo ọ̀gá ló ń rà á. Kò parọ́, ọ̀gá náà ni wọ́n dẹ̀ kọ ọ́ fún.

Oúnjẹ ni mò ń tà, àmàlà, iyán, tuwo, àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kì í ṣe ìlú kan náà, Yorùbá wà ńbẹ̀, Gbagyi wà ńbẹ̀, ọmọ Tiv ló ń bá mi gún iyán (ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, àwọn Tiv mọ iyán gún), ìwé tí tèmi tiwọn máa lè dì mú tọ́rọ̀ bá délẹ̀ ni mo ń wá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Ojú ewé kẹta ní ibi tẹ́ ẹ máa kọ gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ fa lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ sí, kọ́kọ́rọ́, yunifọ́ọ̀mù, POS, fóònù ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin méjèèjì á sáìn lọ́jọ́ tó dé, ẹ tún sáìn lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Wọ́n tún kọ ojúṣe òṣìṣẹ́ dáadáa: kó dé lásìkò, kó má fi nọ́ńbà àkáǹtì ara ẹ̀ gbowó oníbàárà, kó má kó kọ́sítọ́mà ṣọ́ọ̀bù lọ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá ti ní búkà rí mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ yìí ò kéré.

Ojú ewé kejì ni wàhálà wà. Wọ́n to fáìnì síbẹ̀ bí ẹni to mẹ́nù: kéèyàn pẹ́ dé, ẹgbẹ̀rún kan, kéèyàn tẹ fóònù lásìkò iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì, kéèyàn fọ́ abọ́, ìlọ́po méjì owó abọ́ náà. Inú owó oṣù ni wọ́n ní ká ti máa yọ gbogbo ẹ̀. Ẹ gbọ́, Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, section 5, ti sọ pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ fáìnì nínú owó òṣìṣẹ́, àní kò gbọdọ̀ bá a ṣàdéhùn pé òun á máa yọ ọ́. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sáìn fọ́ọ̀mù yìí lẹ ti rú òfin, kí abọ́ kankan tó fọ́. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí kò kọbi ara síṣẹ́ ẹ̀ débi tí nǹkan fi bàjẹ́, wọ́n gbà kẹ́ ẹ yọ iye tó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ lébọ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá dẹ̀ yọ lóṣù kan, tó fi mọ́ owó tó yá lọ́wọ́ yín, ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba 60,000, 20,000 ni gbogbo ẹ̀ pátápátá. Pẹ̀lú fáìnì inú fọ́ọ̀mù yìí, ẹni tó ń bọ̀ láti Dei-Dei láàárọ̀, tí gosóló bá há a mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó tún wá fọ́ abọ́ díẹ̀, owó tó máa kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tóṣù bá parí ò ní kéré. Ní tèmi o, abọ́ fífọ́ wà lára iṣẹ́ búkà, mo ti ṣírò ẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ká dáni dúró ńkọ́? Fọ́ọ̀mù ní ọ̀gá lè lé òṣìṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, òṣìṣẹ́ ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá ní nótíìsì oṣù kan, tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ owó oṣù ẹ̀ ti wọgbó. Òfin ò mọ irú ìyẹn. Tọ̀tún tòsì ni nótíìsì wà fún: ẹni tí ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan, tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, látọdún méjì sí ìgbà tí ò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè fẹnu kò sí èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò burú, àmọ́ owó iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe kì í ṣe ẹ̀bùn tẹ́ ẹ lè gbà padà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbowó oṣù lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di Mọ́ńdè fóònù yín ti kú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nótíìsì tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọ̀gá fún yín lẹ̀yin náà jẹ ọ̀gá.

Èyí tó bí mi nínú jù nìyí: "Òṣìṣẹ́ obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́." Haba! Obìnrin ni èmi alára, mo gbé oyún nídìí iná rí, mo mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí òfin sọ ni pé tó bá ti mú ìwé dókítà wá, ó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sinmi kó tó bímọ, kò dẹ̀ gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bí i, tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ẹ máa san ó kéré tán ìdajì owó ẹ̀ fún un ní gbogbo àsìkò yẹn. Tó bá padà dé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kó fi fọ́mọ lọ́mú. Ṣé ó ń náni lówó? Ó ń náni lówó gan-an, pàápàá àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa ò tóbi, ẹ máa wá ẹni tó máa dípò ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ máa san tibí san tọ̀hún. Àmọ́ ẹ ò lè torí ẹ̀ kọ ọ́ sínú pépà pé ọmọlọ́mọ ò gbọdọ̀ bímọ.

Wọ́n tún ní iṣẹ́ lè di ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ "bí ó bá yẹ". Kò lè yẹ láé. Nínú ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan gbáko, wákàtí mẹ́rìnlélógún láìjá, ẹni tó bá dẹ̀ ń ṣe tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan sinmi láàárín. Àwa tá a ń gbé lápá Òkè Ọya níbí, ẹ mọ̀ pé tó bá di aago kan lọ́jọ́ Jímọ̀ kò sí Mùsùlùmí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iyán, nítorí náà àwọn kan ń gba Sọ́ńdè, àwọn kan ń gba ọjọ́ míì, a ti pín in. Ìsinmi ọdọọdún ò sí nínú fọ́ọ̀mù rárá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ló kéré jù lẹ́yìn oṣù méjìlá, pẹ̀lú owó. Ti àìsàn náà ò sí ńbẹ̀: ó lè tó ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún, tí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ o, wọ́n kọ péńṣọ̀n síbẹ̀, 8% tó máa kúrò lára òṣìṣẹ́ hàn gbangba, 10% tó yẹ kí ọ̀gá fi kún un la ò rí. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè nìyẹn dẹ̀ jẹ́ dandan fún, àwa kékeré ò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 70,000 tí wọ́n fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ́dún 2024, kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25. Mo ń sọ èyí káwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ náà lè mọ ibi tí òfin dúró sí, kí wọ́n má rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́.

Ìjàmbá: "ilé iṣẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀." Ilé ìdáná tí òróró gbígbóná wà! Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní kí ọ̀gá máa san 1% àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ owó yẹn, kó má yọ kọ́bọ̀ lára òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yìí ò gbọ́ rí.

Wọ́n tún ní ká gba sátífíkéètì WAEC gan-an pamọ́. Fọ́tókọ́pì ti tó, jàre, kí lẹ fẹ́ fi tọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ya ojú ewé kẹta yẹn sọ́tọ̀, mo kọ ìyókù sórí pépà kan fúnra mi: orúkọ àti àdírẹ́sì, irú iṣẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tó máa ń wọlé, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àìsàn, nótíìsì. Àwọn nǹkan yẹn náà ni section 7 ní kẹ́ ẹ kọ fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n kà á lédè Hausa fún àwọn tí ò gbọ́ Òyìnbó, kí ẹnikẹ́ni tó sáìn. Mánẹ́jà ní tiẹ̀ o, Labour Act yìí ò kà á kún, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ló wà fún, nítorí náà ẹ ṣe ìwé tiẹ̀ dáadáa lọ́tọ̀.

Òṣìṣẹ́ tó bá ti sáìn fọ́ọ̀mù yìí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lè gbé e lọ sí Ministry of Labour ní Federal Secretariat, tẹ́ ò bá lówó lọ́yà ẹ béèrè Legal Aid Council, tó bá dójú ẹ̀ tán National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, wà l'Ábújá níbí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan fún lísítì ẹrù, ọ̀kan fún pépà tó nípọn.